Búlọ́ọ̀kù Le, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Di Májèlé Inú Rẹ̀ Mú? Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ pípo ìdọ̀tí olóró ilé iṣẹ́ mọ́ búlọ́ọ̀kù, kí májèlé rẹ̀ má baà bá omi lọ, ni pé wọ́n á gbé búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń dán agbára wò, kò ní fọ́, wọ́n á sì ní májèlé inú rẹ̀ ti dì pa. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan le, ọ̀tọ̀ ni kí ó di májèlé mú. Omi tó máa fa òjé jáde kò nílò kí búlọ́ọ̀kù kọ́kọ́ fọ́. Ihò tín-ín-tìn-ín tójú kò rí ló ń gbà.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dára. Nǹkan bí 1,450°C ni wọ́n ń sun sìmẹ́ǹtì tí gbogbo wa mọ̀ dé, òkúta ẹfun tí wọ́n ń sun náà sì ń tú káábọ́nì-díọ́ksáìdì jáde. Ìdí nìyí táwọn kan fi ń lo ìdàrọ́ irin, eérú èédú ilẹ̀ tàbí amọ̀ sísun dípò rẹ̀, tí wọ́n ń fi kọ́sítíìkì sódà pò ó, tí wọ́n sì ń da ìdọ̀tí olóró ilé iṣẹ́ sínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú kan náà wo gbogbo irin olóró. Ohun tó mú òjé dúró lè má mú aséníìkì. Kúrọ́míọ̀mù ló ń tan èèyàn jù, torí oríṣi rẹ̀ méjì, 3 àti 6, kì í ṣe bákan náà. Kúrọ́míọ̀mù 3 máa ń jókòó jẹ́ẹ́. Kúrọ́míọ̀mù 6 ń fa jẹjẹrẹ, inú àpòpọ̀ tí sódà pọ̀ sí ló sì ti ń ráyè bá omi lọ. Ẹ fi iyọ̀ irin tí wọ́n ń pè ní ferrous sulphate sọ 6 di 3 ná, kí ẹ wọn èyí tó ṣẹ́kù, kí ẹ tó pò ó. Òjé náà kò fẹ́ sódà àpọ̀jù: bí ẹ bá rọ́ ọ sí i torí kí búlọ́ọ̀kù tètè le, òjé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò.

Àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó. Nínú TCLP, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ iye májèlé tó ń yòrò jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n á fọ́ búlọ́ọ̀kù wẹ́wẹ́, wọ́n á dà á sínú omi tó ní ásíìdì díẹ̀, wọ́n á máa yí i fún wákàtí 18. Bí òjé tó jáde kò bá tó mìlígíráàmù 5 nínú lítà kan, ó yege. Ṣùgbọ́n sódà inú búlọ́ọ̀kù lè pa ásíìdì yẹn, kí pH omi (ìwọ̀n bí ásíìdì tàbí sódà ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀) wá dúró síbi tí òjé kì í ti í fẹ́ẹ́ yòrò. Tí òjò àti afẹ́fẹ́ bá ti fa agbára sódà náà tán lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ẹ fi àyẹ̀wò Method 1313 ti EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, kún un, torí ó ń wo bí májèlé ṣe ń jáde ní pH láti 2 dé 13.

Bó bá jẹ́ eérú ibi tí wọ́n ti ń jó ìdọ̀tí ìgboro lẹ ní lọ́wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá alumíníọ́mù wà níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan sódà. Àwọn méjèèjì máa ń bí gáàsì háídírójìn: àpòpọ̀ á wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi yíìsì pò, á sì sán kí ó tó le. Nínú táǹkì tí wọ́n dé pa, gáàsì yẹn lè gbiná.

Ẹ má da yanrìn kún un títí nọ́ńbà inú àyẹ̀wò á fi wálẹ̀. Májèlé ibẹ̀ kò dín, òfin Amẹ́ríkà sì kọ̀ ọ́.

Ẹ má sì tà á bíi búlọ́ọ̀kù ilé lásán. Lọ́jọ́ kan wọn á wó ògiri yẹn, eruku rẹ̀ á sì wọ imú òṣìṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, iye rẹ̀ àti ibi tí ẹ kó o sí sílẹ̀, kí ìwé náà sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀.