Hardtop alábala fún Wrangler JK: bí mo ṣe ya tèmi, tí mo sì fi wé irú èyí tó wà lọ́jà

Wrangler JK onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mo ṣe iṣẹ́ yìí fún, irú èyí tí Jeep ṣe láti 2007 títí wọ 2018. Hardtop, ìyẹn òrùlé líle, tó máa ń bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ jẹ́ abala mẹ́ta: kékeré méjì lókè awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í, àti ńlá kan tó bo gbogbo ẹ̀yìn pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Abala ńlá yẹn ni ìṣòro. Ẹnì kan kò lè dá a gbé sọ̀ kalẹ̀, bí ẹ bá sì gbé e sọ̀ tán, ẹ gbọ́dọ̀ ní ààyè tó fẹ̀ tí ẹ ó gbé e sí. Ohun tí mo fẹ́ ni òrùlé tí ẹnì kan ṣoṣo lè tú palẹ̀, tí a lè yọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí orí rẹ̀ ṣì dúró, tí kò sì ní jò.

Àìjò yẹn ló le jù. Gbogbo ibi tí abala méjì bá ti pàdé, omi, atẹ́gùn àti ariwo ti rí ọ̀nà. Nítorí náà, kí n tó wo ẹwà tàbí owó, mo fi tépù wọn gígùn gbogbo oríkèé tó wà lára òrùlé kọ̀ọ̀kan.

Oríṣi mẹ́ta ni mo gbé yẹ̀ wò. Èyí tó jẹ́ odidi fiberglass kan kò ní oríkèé kankan lókè. Ibi tó ti kan gíláàsì iwájú, ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ nìkan ló nílò rọ́bà. Kì í sábà jò, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè ṣí i lápá kan. Èyí tó jẹ́ abala mẹ́ta fi nǹkan bíi mítà 2 oríkèé kún un: ìlà kan láàárín abala iwájú méjèèjì, ìlà kejì níbi tí wọ́n ti kan abala ẹ̀yìn. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni omi fẹ́ràn jù lọ. Ẹ̀kẹta ni férémù alumíníọ̀mù tí a to abala sí lára, òun ni mo sì yàn. Nínú àwòrán tèmi, oríkèé rẹ̀ lé ní mítà 11. Ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀, kó fi sọ́kàn pé orí rọ́bà ni owó àti làálàá rẹ̀ yóò pọ̀ sí, kì í ṣe orí páànù.

Ọkọ̀ gan-an ni mo wọ̀n, mi ò gbára lé àwòrán ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí atẹ́gùn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, nítorí orí ilẹ̀kùn JK máa ń fara ti rọ́bà ara òrùlé. Ẹ wọn ojú òrùlé láti igun dé igun ní ìdábùú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ gun táyà ẹ̀yìn kan lé pèpéle tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ tún un wọ̀n. Nígbà tí mo ṣe é, ìdábùú kan fi mílímítà 4 yí padà. Ohun tó máa ń fọ́ igun òrùlé tó le bí irin nìyẹn: ara ọkọ̀ ń lọ́ lójú ọ̀nà burúkú, òrùlé kò sì gbà láti bá a lọ́. Nítorí èyí, mi ò de férémù mọ́ ara ọkọ̀ ní tààràtà. Ibi ìdè kọ̀ọ̀kan ní rọ́bà lókè àti nísàlẹ̀, pẹ̀lú páìpù irin kékeré láàárín tí bóòtù ń fún mọ́. Bí kò bá sí páìpù yẹn, bóòtù á máa fún rọ́bà títí yóò fi pẹlẹbẹ, rọ́bà kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Fún abala orí, mo fi ìwọ̀n ohun èlò wéra kí n tó yan. Alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ onímílímítà 3 wúwo tó kílò 8 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Fiberglass onímílímítà 4 sún mọ́ kílò 6 ààbọ̀. Páànù alálùpapọ̀, èyí tó jẹ́ awọ alumíníọ̀mù méjì tí ọ̀rá líle wà láàárín wọn, tí àwọn tó ń ṣe pátákó ìpolówó ń lò, jẹ́ nǹkan bíi kílò 5 ààbọ̀ fún onímílímítà 4. Òun ni mo mú. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀rá àárín rẹ̀ máa ń rọra sá fún bóòtù, pàápàá nínú oòrùn, bóòtù á sì dẹ̀. Ihò bóòtù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òrùka irin tó ga tó páànù náà, kí irin máa fún irin. Páànù pẹlẹbẹ tún máa ń dún bí ìlù nínú atẹ́gùn. Mo lẹ rọ́bà bútáìlì mọ́ abẹ́ rẹ̀ káàkiri àárín, ariwo sì rọlẹ̀.

Ní ti oríkèé fúnra rẹ̀, ìpele méjì ni mo fi ṣe é. Ti òkè jẹ́ rọ́bà EPDM (irú rọ́bà tó ń fara da oòrùn àti òjò) oníhò nínú, tó fẹ̀ tó mílímítà 14, tí a fún títí yóò fi ku 9 tàbí 10. Lábẹ́ rẹ̀ ni gọ́tà kékeré wà, mílímítà 20 ní fífẹ̀, 12 ní jíjìn, tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi tó bá ré rọ́bà kọjá lè ṣàn bọ́ síta. Ẹ má ṣe fún rọ́bà ju ìdajì lọ: kò ní padà sípò mọ́, ilẹ̀kùn á sì le láti tì. Mo fi àwọn bíríkì nylon kéékèèké tó ga tó mílímítà 9 ààbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń de abala mọ́ férémù, kí ẹni tó lágbára àti ẹni tí kò lágbára lè fún un dé ibì kan náà.

Igun ni jíjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gé rọ́bà méjì lọ́gbọọgba kí ẹ sì kan wọ́n pọ̀ nígun, ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ á kù síbẹ̀. Ní igun, ẹ jẹ́ kí rọ́bà kan náà yípo rẹ̀ láìgé, kí ibi tí ẹ ti so ó pọ̀ wà láàárín ìlà tó gùn. Níbi tí gígé bá ti pọn dandan, ẹ gé e ní dígírì 45, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú superglue tó dára fún EPDM.

Etí gíláàsì iwájú yàtọ̀ sí gbogbo ibi tó kù. Bí ọkọ̀ bá ń sá ní kìlómítà 110 ní wákàtí, agbára atẹ́gùn tó ń kọlù ú tó 560 Pa (pascal, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń tẹ ojú ibì kan), èyí sì lè ti omi gòkè tó sẹ̀ǹtímítà 5 ààbọ̀. Gọ́tà onímílímítà 12 kò lè dá a dúró. Rọ́bà méjì ni mo tò tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀, mi ò sì ka gọ́tà kún ohunkóhun.

Atẹ́gùn kan náà ló ń fa abala orí sókè. Abala iwájú tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin kan lè rí ìfà tó tó kílò 40 ní eré yẹn, bí fèrèsé bá wà ní ṣíṣí á sún mọ́ 60. Mo sọ 60 yẹn di ìlọ́po mẹ́ta fún ààbò, mo pín in sí ìkọ́ mẹ́rin: ìkọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè gbé kílò 45. Bí ẹ bá ń wo èyí tó wà lọ́jà, ẹ ka ìkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá irin ni wọ́n dè é mọ́ tàbí ọ̀rá lásán.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ni mo fi polycarbonate (ọ̀rá líle tó mọ́ gaara bíi gíláàsì) onímílímítà 6 ṣe, irú èyí tí wọ́n ti kùn kí ó má tètè ní ìlà. Kò wúwo, kì í sì í fọ́ bí ẹ̀ka igi bá gbá a, ṣùgbọ́n ó máa ń wú nínú oòrùn ju alumíníọ̀mù lọ. Níbi tí ooru bá ti fi dígírì 50 gòkè, bó ṣe rí lára ọkọ̀ dúdú nínú oòrùn Houston, mítà kan polycarbonate á gùn sí i ní mílímítà 3 sí 3 ààbọ̀, alumíníọ̀mù ní díẹ̀ lé ní 1. Nítorí náà, ihò bóòtù onímílímítà 6 gbọ́dọ̀ tó mílímítà 10, kí wọ́ṣà rọ́bà fẹ̀ dáadáa lórí rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi sí ẹnu bóòtù kó má baà tú kò gbọ́dọ̀ kan polycarbonate rárá. Ó máa ń jẹ ẹ́, ìlà wẹ́wẹ́ á sì yọ yí ihò ká títí yóò fi là. Nọ́ọ̀tì onínylon ni kí ẹ lò. Níbi tí bóòtù stainless bá ti wọ alumíníọ̀mù, ẹ fi gíríìsì tó ń dènà ìjẹrà sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ alumíníọ̀mù á funfun yí i ká, bóòtù náà ò sì ní tú mọ́.

Fún ẹ̀yìn, mo jẹ́ kí gíláàsì gidi wà níbẹ̀. Wáípà á ha polycarbonate, kò sì sí wáyà tó ń lé ìkùukùu nínú rẹ̀. Wáyà wáípà, wáyà tó ń lé ìkùukùu àti páìpù omi wáípà ni mo fún ní ibi ìjá kí abala náà lè kúrò láìgé ohunkóhun. Ẹrù orí òrùlé gbọ́dọ̀ gba òpó férémù sọ̀ sára ọkọ̀, kì í ṣe sórí páànù. Òrùlé yìí kò sì gba ẹnikẹ́ni là bí ọkọ̀ bá yí. Páìpù inú ọkọ̀ ló ń ṣe ìyẹn, ẹ má gé e, ẹ má dá ihò lu sí i nítorí òrùlé.

Láti dán an wò, ẹ ki bébà pẹlẹbẹ sáàárín rọ́bà àti ara abala, kí ẹ ti ìkọ́, kí ẹ fà á. Ibi tó bá ti yọ wọ́rọ́ kò fún tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tú omi sí i pẹ̀lú họ́ọ̀sì lásán, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìṣẹ́jú 5 fún oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lókè, omi á ṣàn káàkiri, ẹ ò sì ní mọ ibi tó gbà wọlé. Ẹ fi pẹ́ńtì fa ìlà sórí bóòtù kọ̀ọ̀kan àti ibi tó jókòó lé, kí ẹ lè fi ojú rí èyí tó bá yí lẹ́yìn ọ̀nà burúkú. Ní ti rọ́bà, gíríìsì silicone ni kí ẹ máa fi pa á. Vaseline àti gíríìsì ọkọ̀ ń mú EPDM wú, oríkèé tí ẹ ti wọ̀n dáadáa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò.