Bí A Ṣe Rí Ibi Gbé Bọ́ọ̀sì Sùn Mọ́jú ní Ìjẹ̀bú-Òde Lásìkò Ojúde Ọba

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí. Kó tó di ọjọ́ náà, owó yàrá òtẹ́ẹ̀lì á ti fò sókè ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó bá sì ku ọjọ́ méjì, ẹni tó lówó lọ́wọ́ pàápàá lè má rí yàrá mọ́, nítorí àwọn Régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ti sanwó sílẹ̀, àwọn ọmọ ìlú tó ti òkè òkun dé sì ti gba ìyókù. Inú bọ́ọ̀sì Hiace ni àwa mẹ́rin sùn. A yọ ìlà ìjókòó méjì tó wà lẹ́yìn, a kan pákó bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, a tẹ́ fóòmù lé e. Ní Amẹ́ríkà, ọgbà wà tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ báyìí, pẹ̀lú iná, omi àti ibi tí wọ́n ń da ẹ̀gbin sí. Lọ́dọ̀ tiwa, onílẹ̀ lèèyàn máa bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò kì í ṣe bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan máa wà lójúfò níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo fi tépù wọn ọkọ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5.4, gíga rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tí a dì sórí rẹ̀ jẹ́ mítà 2.6. Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù yín, kí ẹ sì bèèrè bí géètì ṣe ga tó kí ẹ tó dúnàá dúrà. Géètì púpọ̀ ló ní òpó kọ́ńkéré tó dábùú lórí, àwọn ibòmíràn ní páànù tí wọ́n na bo ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bọ́ọ̀sì á wọ géètì tán, páànù yẹn ni yóò wá ká a mọ́ inú.

Ojú ọ̀sán ni kí ẹ wá ibi tí ẹ máa sùn, láti bí aago mẹ́ta sí márùn-ún. Lójú ọ̀sán, ọ̀gá ibẹ̀ ṣì wà nídìí iṣẹ́, ẹ ó rí ilẹ̀ dáadáa, àwọn tó bá sì kọ̀ fún yín lè júwe ẹlòmíràn. Tó bá di alẹ́, ọlọ́dẹ nìkan lẹ máa bá, ọlọ́dẹ ò sì láṣẹ láti gbà yín sílé.

Àárín ìlú kọ́ ni kí ẹ dojú kọ. Ọ̀nà tó lọ sí ààfin máa ń há, ẹṣin máa ń gbabẹ̀ kọjá, ọkọ̀ tó bá sì sùn níbẹ̀ lè má rí ọ̀nà jáde kó tó di alẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ ìlú ni mo wá lọ, láti Mọ́balùfọ̀n lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Òrè, dé apá Ìjágun. Ẹni tí kò bá rí níbẹ̀, kó padà sí Òdógbólú tàbí kó wọ Rẹ́mọ lọ, sí Ìlíṣàn tàbí Ìkẹ́nnẹ́. Owó á rọ̀ jù níbẹ̀. Ìnira ẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ jí ní ìdájí kí ẹ tó lè wọ Ìjẹ̀bú-Òde ṣáájú ọ̀pọ̀ èrò.

Ilé epo ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó dára, bó bá jẹ́ èyí tó ní iná àti ọlọ́dẹ mọ́jú. Àmọ́ ẹ má bá ẹni tó ń ta epo lẹ́nu ẹ̀rọ ṣe àdéhùn. Ó lè gbowó, kó parí iṣẹ́ tirẹ̀ ní aago mẹ́wàá, kó máa lọ sílé, kí ẹlòmíràn wá máa kan gíláàsì yín ní aago kan òru pé ta ló ní kí ẹ sùn síbí. Mánìjà ni kí ẹ bá sọ ọ́, kí mánìjà náà sì pe ọlọ́dẹ kó gbọ́ ọ níṣojú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilẹ̀ fún ìdérí irin róbótó-róbótó tí táńkà ń já epo sí, kí ẹ sì wo ẹ̀bá ògiri fún àwọn páìpù tín-ín-rín tó nàró sókè. Ibẹ̀ ni òórùn epo ń gbà jáde nígbà tí táńkà bá ń já epo, òru ni táńkà púpọ̀ sì máa ń dé. Èéfín pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń ràgà sí, ìsàlẹ̀ yẹn náà ni ọkọ̀ yín wà. Ẹ jìnnà sí méjèèjì, ẹ má ṣáná rárá.

Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sálásí kì í sábà gba owó, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bóyá ìṣọ́ òru wà, torí ẹ ò ní sùn tó bá wà. Gáréèjì kì í rọrùn: àwọn dírẹ́bà ti ń pe èrò kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì á sì bèèrè owó lọ́wọ́ yín bí ọkọ̀ tó ń ná. Pápá ilé ẹ̀kọ́ ni mi ò fọwọ́ sí rárá. Ìsinmi ọdún ni, kò séèyàn níbẹ̀, ibi tí kò sí èèyàn ni olè sì fẹ́.

Gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan tí kò ní òde lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni a gbà nígbẹ̀yìn, mo sì ń júwe irú ibẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń bèèrè. Ó ní ògiri yíká, ọlọ́dẹ, ilé ìyàgbẹ́ àti táńkì omi, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ àlejò ni wọ́n ṣe é fún. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún mánìjà rèé: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín di ọ̀la, kì í ṣe gbọ̀ngàn. Ọkọ̀ kan ni, àwa mẹ́rin la wà nínú ẹ̀. A ò ní dáná, a ò ní tan jẹnẹrétọ̀, a ò sì ní da ìdọ̀tí sílẹ̀." Ohun tí ẹ ò ní ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, òun ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó pe ₦15,000, a fẹnu kò sí ₦7,000, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé ìyàgbẹ́ kan àti omi kẹ́ẹ̀gì méjì. Mo fi ₦2,000 sí i fún ọlọ́dẹ: mo fún un ní ìdajì lálẹ́, mo fún un ní ìyókù láàárọ̀. Mo wá fi àdéhùn náà ránṣẹ́ sí mánìjà lórí WhatsApp, iye owó, ìgbà tí a wọlé, ìgbà tí a máa jáde, mo sì ní kó dáhùn. Ìdáhùn yẹn ni a ó fi han ẹni tó bá dé láàárọ̀ tó tún fẹ́ gbowó.

Ìbéèrè kan wà tí àlejò kì í mọ̀ pé ó yẹ kí òun bi Olórítún tàbí àgbà àdúgbò: ṣé orò kankan máa jáde lóru òní? Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kò yẹ kí obìnrin wà níta tí orò bá jáde, gíláàsì bọ́ọ̀sì ò sì jọ ògiri. Obìnrin méjì wà nínú wa. Bí wọ́n bá ní orò máa jáde, ẹ wá yàrá nínú ilé fún àwọn obìnrin, tàbí kí ẹ kó ọkọ̀ kúrò ní àdúgbò náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Lílọ bá Olórítún yẹn tún ń ṣe iṣẹ́ kejì: bí fijilanté bá yọ sí yín lóru, ẹ ti ní orúkọ ẹni tó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ fi ìwé ọkọ̀ àti láìsẹ́ńsì sí ibi tí ọwọ́ ti máa tètè tó o.

Kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ rìn yí ilẹ̀ ká pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín. Lásìkò òjò, ilẹ̀ pupa tó le lọ́sàn-án lè di ẹrẹ̀ tí táyà máa rì sí láàárọ̀. Kọ́ńkéré pẹlẹbẹ tó wà lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ilé lè jẹ́ ìdérí ṣalanga tàbí ti sọ́kàwéè, kò lè gbé bọ́ọ̀sì. Ẹ má gbé e sábẹ́ àgbọn, ẹ má gbé e sábẹ́ wáyà iná. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí géètì, kí ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kí orí bẹ́ẹ̀dì sì wà ní apá tó ga jù. Ẹni tó bá da orí kodò sùn kò ní sinmi.

Ti inú ọkọ̀ ló kù. Ẹ má fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù máa fẹ́ kí ẹ wá sùn. Èéfín tó ń pani kò ní òórùn, ojú ò rí i, ó lè gba abẹ́ ọkọ̀ wọlé, ẹni tó bá ti sùn sì lè má jí mọ́. Jẹnẹrétọ̀ tó wà nítòsí fèrèsé ń ṣe bákan náà, ì báà jẹ́ ti ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé tiwọn sí. Ṣíṣí fèrèsé nìkan kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Bátìrì kejì ni a fi lo fáànù, 12 fóltì, 100 Ah (áńpíà-wákàtí). Ìyẹn jẹ́ 1,200 wáàtì-wákàtí, ṣùgbọ́n bátìrì olómi ni, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò kó má bàjẹ́, 600. Fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 20 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 320. Iná kékeré àti fóònù mẹ́rin ò ju 85 lọ. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ẹ ní kí réwáyà yín yà á sọ́tọ̀ kúrò lára bátìrì tó ń ta ẹ́ńjìnnì, kó sì fi fíúsì sí etí bátìrì gan-an. Tí fíúsì bá wà nídìí fáànù, wáyà tó bá bó láàárín lè gbiná kí fíúsì tó mọ̀ rárá.

Ẹ ṣí fèrèsé ní ọ̀tún àti òsì, bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí atẹ́gùn lè kọjá. Bí apá kan nìkan bá ṣí, èémí èèyàn mẹ́rin á máa di omi lára gíláàsì, á sì máa kán sórí fóòmù. A fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ojú fèrèsé látinú, a rán fẹ́líkírò tó ń lẹ̀ mọ́ra yí i ká. Oúnjẹ alẹ́, a rà á jẹ kí a tó wọlé. Ti àárọ̀, gaàrí Ìjẹ̀bú, omi tútù àti ẹ̀pà, kò sídìí fún sítóòfù.

Nínú gbogbo àdéhùn wa, ìgbà tí a máa jáde ni mo rin kinkin mọ́ jù. Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ojúde Ọba ni mo gbà, kì í ṣe àárọ̀. Bọ́ọ̀sì dúró sínú ọgbà, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé ibi tí ọ̀nà ti dí, a fẹsẹ̀ rìn dé ààfin. Nígbà tí òde tú, gbogbo ọkọ̀ jọ dojú kọ ọ̀nà Ṣàgámù lẹ́ẹ̀kan náà. A padà sí ọgbà, a wẹ̀, a gbálẹ̀ ibi tí a gbé ọkọ̀ sí, a dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mánìjà, a sì dúró kí ọ̀nà tú díẹ̀ kí a tó jáde.