Ẹ Má Sá fún Òrùka Agolo: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Wíwá Owó Ẹyọ Ní Páàkì

Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin wọ páàkì àtijọ́ kan ní Chicago tàbí New York rí mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kì í dákẹ́. Ìdérí ìgò bíà rèé, ìṣó tó ti dípẹtà rèé, bébà dídán tí wọ́n fi wé ẹran rèé. Ọ̀pọ̀ á gbẹ́ ìdọ̀tí fún wákàtí kan, wọ́n á bínú palẹ̀ mọ́. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Níbi tí gbogbo èèyàn ti sá kúrò ni owó àtijọ́ sábà máa ń ṣẹ́kù sí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti bọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní discrimination, èyí tí wọ́n fi ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó má dún fún irú ohun kan, torí èmi náà ṣe é. Ariwo sú mi, mo bá ní kí ẹ̀rọ má dún mọ́ fún ohunkóhun tó bá ti jọ òrùka agolo, ìyẹn òrùka tí wọ́n ń fà láti fi ṣí agolo ohun mímu. Àfi bí ẹni tó fi òwú dí etí nítorí ariwo ọjà, tó wá ń retí kí ẹlẹ́kọ pe òun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni agolo tó ní òrùka fífà yọ ti gbòde. Wọ́n á fà á, wọ́n á jù ú sínú koríko. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni irú èyí tí kì í já kúrò lára agolo tó dé, àwọn ti tẹ́lẹ̀ sì ṣì wà nílẹ̀ títí dòní. Létí ẹ̀rọ, òrùka agolo, sẹ́ǹtì 5 àti òrùka wúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Ẹni tó bá pa ohùn ọ̀kan, ó ti pa ti àwọn yòókù mọ́ ọn.

Bí ìṣó náà ṣe rí nìyẹn. Tí sẹ́ǹtì 10 àtijọ́ tó jẹ́ fàdákà bá sùn ti ìṣó, tí ẹ ti ní kí ẹ̀rọ dákẹ́ pátápátá fún irin tó ń dípẹtà bí ìṣó, ẹ ó kọjá lórí fàdákà láìgbọ́ ohun kan. Ẹ jẹ́ kí irin bẹ́ẹ̀ máa kùn, kí etí yín ṣà á.

Àwo ẹ̀rọ ńkọ́, ìyẹn àwo rìbìtì ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń wá ohun tó wà nínú ilẹ̀? Àwo íǹṣì 11 dára lóko gbalasa, àmọ́ nínú ìdọ̀tí, ohun mẹ́ta ló ń rí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Íǹṣì 5 tàbí 6 ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má sì máa fì í bí ẹni ń ṣán oko: ẹ rọra. Bí ohùn kan tó mọ́ gaara bá já wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ yí ara yín padà, kẹ́ ẹ gbà á láti ẹ̀gbẹ́ kejì kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Pẹ́ní lásán ni," wọ́n á kọjá. Pẹ́ní bàbà, ìyẹn sẹ́ǹtì 1, irú èyí tí wọ́n ń ṣe títí di 1982, ń dún súnmọ́ sẹ́ǹtì 10 tó jẹ́ fàdákà. Sẹ́ǹtì 10 àti 25 tí déètì wọn jẹ́ 1964 tàbí ṣáájú rẹ̀ ní fàdákà 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbẹ́ ẹ.

Ti òfin ò gba àwàdà. Ìlú New York ń fẹ́ ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó fi ẹ̀rọ wọ páàkì wọn. Ní páàkì ti ìjọba àpapọ̀, èèwọ̀ ni. Ẹ dí ihò yín, ẹ sì kó ìdọ̀tí tẹ́ ẹ hú lọ síbi ìdalẹ̀. Mo ti rí ẹni tó dá òrùka agolo padà sínú ihò. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà ni yóò tún hú u.

Tí owó bá wá jáde tán, ẹ má fi yanrìn tàbí ọṣẹ ìfọnu gbo ó. Omi ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án. Ẹni tó ń ra owó àtijọ́ máa ń rí ojú ibi tí wọ́n ti gbo, yóò sì dín iye tó fẹ́ san kù.