Bí A Ṣe Ń Pe Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Lórí Ẹ̀sùn Títa Oògùn Olóró

Ní Nàìjíríà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ oògùn olóró, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì ni ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn ń gbà lọ. 90 ọjọ́ péré ni òfin fún un, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìdájọ́. Mo bẹ ẹ̀yin ẹbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbànújẹ́ gba ọjọ́ wọ̀nyí mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tètè béèrè ẹ̀dà ìwé ìdájọ́, nítorí pé abala 36 ìwé òfin 1999 fún ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ láti rí i gbà láàárín ọjọ́ 7, kí agbẹjọ́rò sì fi ìwé ìpẹ̀jọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù tó dá ẹjọ́ náà.

Àwọn adájọ́ òkè kì í sábà tún ẹlẹ́rìí pè. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ń kà. Nínú rẹ̀ ni kí ẹ ti tọ ipasẹ̀ oògùn tí wọ́n ní wọ́n gbà náà: ta ló gbà á, ṣé wọ́n wọ̀n ọ́n lójú ẹni tí wọ́n mú, ta ló gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ṣé ohun tí wọ́n yẹ̀ wò náà ni wọ́n gbé wá sí kóòtù? Níbi tí okùn yìí bá ti já, ibẹ̀ ni ẹjọ́ yín ti lágbára jù. Ẹ tún wò ó bóyá títà ni ẹ̀rí fi hàn tàbí níní lásán, nítorí pé abala 11 òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, fi ẹ̀wọ̀n gbére lé títa kokéènì, heróìnì àti irú wọn, ṣùgbọ́n ọdún 15 sí 25 ló fi lé mímọ̀ọ́mọ̀ ní wọn lọ́wọ́.

Ọ̀nà ẹni tó ti gbà pé òun jẹ̀bi há. Síbẹ̀, bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnikẹ́ni kò sì túmọ̀ ẹ̀sùn náà sí Yorùbá fún un, ohun ńlá nìyẹn, nítorí pé abala 36 kan náà fún un ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ iye ọdún ẹ̀wọ̀n gba ìṣọ́ra. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn lè dín in kù, ó sì lè fi kún un. Bí adájọ́ bá ti ṣàánú, tó fún un ní ọdún díẹ̀ níbi tí òfin ti sọ pé gbére, èmi kò ní gbà yín níyànjú láti ráhùn lórí iye ọdún nìkan. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ kò bá ro ti àkókò tó ti lò ní àtìmọ́lé, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò sọ ọ́.

Bí 90 ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ lè bẹ Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fún àfikún àkókò, pẹ̀lú àlàyé tó yè kooro nípa ohun tó fa ìdádúró. Láti ibẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, 30 ọjọ́ ni.