Tí ohùn kíbọ́ọ̀dù bá há tí kò dákẹ́

Ẹ̀yin onídùùrù wa n'Íbàdàn, ẹ kú ìmúra ìsìn ọ̀la o. Tí ohùn kan bá há lórí kíbọ́ọ̀dù tí ẹ fi MIDI (ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń fi àṣẹ ránṣẹ́ síra wọn) so mọ́ láptọ́ọ̀bù, ẹ má tíì sáré pa á.

Bí ẹ bá tẹ kíì, àṣẹ Note On (“bẹ̀rẹ̀ ohùn”) ló ń lọ: nọ́ńbà kíì náà (C àárín ni 60) àti bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, 1 sí 127. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, Note Off (“dá ohùn dúró”) ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Tí wáyà bá já lásìkò yẹn, tàbí tí ẹ yí ṣánẹ́ẹ̀lì (ojú ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà) padà nígbà tí ìka yín ṣì wà lórí kíì, Note Off ò ní débi tó yẹ. Ó parí nìyẹn, ohùn á máa dún lọ.

Panic, bọ́tìnì tó wà fún pípa ohùn tó há, ni kẹ́ ẹ tẹ̀. CC 123 (CC ni Control Change, àṣẹ ìdarí tó ní nọ́ńbà; 123 ń sọ pé kí gbogbo kíì dákẹ́) ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣì tẹ pẹ́dà ẹsẹ̀ tó ń di ohùn mú mọ́lẹ̀, kò ní ràn án. Pẹ́dà ni CC 64: 0 sí 63 ń tú u sílẹ̀, 64 sókè ń dì í mú. Ẹ fi 0 ránṣẹ́ sí i, tàbí kẹ́ ẹ lo CC 120 tó ń gé gbogbo ohùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Pẹ́dà tó ń ṣiṣẹ́ sódì ńkọ́? Ẹ pa kíbọ́ọ̀dù, ẹ ki pẹ́dà bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá tàn án láì fẹsẹ̀ kan pẹ́dà rárá.