Ọkọ mi ní ọbẹ̀ mi tẹ́: ṣé iyọ̀ ni, àbí sìgá?

Ìbéèrè: Ọkọ mi ti ń mu sìgá, ó ti lé ní ọdún 12. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, gbogbo ọbẹ̀ tí mo bá sè ló ní ó tẹ́. Kò ní í tíì tọ́ ọ wò tí á ti bu iyọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ń ké pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ṣé ọwọ́ mi ló yí padà ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, màmá. Ọwọ́ yín ò yí padà. Ẹ yọ ahọ́n níwájú dígí, ẹ ó rí àwọn kókó wínníwínní lórí rẹ̀. Inú wọn ni ohun tó ń mọ adùn wà. Èéfín sìgá ń ba àwọn kókó yìí jẹ́, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Ẹnu tún máa ń gbẹ, iyọ̀ tí kò bá sì rí itọ́ yọ́ sí, ahọ́n ò lè mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ṣùgbọ́n imú gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò rántí. Ẹ fi ìka méjì fún imú pa, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ rírò tó nírú dáadáa sẹ́nu. Iyọ̀ àti ata nìkan ni ẹ ó mọ̀. Ẹ wá tú imú sílẹ̀: kíá ni irú á gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè wá. Ibi tí irú ń gbà yẹn ni èéfín ń bà jẹ́ fún bàbá. Iyọ̀ tí wọ́n ń bù ò lè tún un ṣe, ẹ̀jẹ̀ ríru ló lè fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé agolo iyọ̀ kúrò lórí tábìlì.

Ìbéèrè: Ọjọ́ 5 rèé tí mo ti jáwọ́. Ẹnu mi ṣì dà bí eérú.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, bọ̀ọ̀dá! Ẹ má padà síbẹ̀ o. Nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 ni àwọn ohun tó ń mọ adùn lára ahọ́n fi ń kú tí tuntun ń rọ́pò wọn. Ẹlòmíì á ti rí ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ 2. Ti imú máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà míì ó ń gba oṣù. Ẹ máa rọra fá ahọ́n láràárọ̀, ẹ sì máa mu omi.

Ọdún 9 lèmi náà fi mu ún. Ẹ̀kọ gbígbóná ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹnu mi ti ń bọ̀ sípò: mo fẹnu kàn án, mo sì mọ̀ pé ó kan. Kóró ṣúgà 6 ni mo máa ń jù sí i tẹ́lẹ̀, 2 ló tó mi báyìí.

Ìbéèrè: Aáṣáà ni mo fi rọ́pò sìgá. Ó dáa, àbí?

Ìdáhùn: Rárá o. Aáṣáà tí ẹ ń fà símú, ibi tẹ́ ẹ fi ń gbóòórùn gan-an ló ń lọ. Nikotíìnì, ìyẹn èròjà inú tábà tó ń di bárakú, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara kí èèyàn lè jáwọ́ nínú sìgá, ò gba ẹnu, kò gba imú. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ apòògùn.

Ìbéèrè: Àbàwọ́n funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n mi, kò dùn mí.

Ìdáhùn: Bó bá ti lo ọ̀sẹ̀ 3 tí kò lọ, ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà eyín lọ lọ́sẹ̀ yìí. Jẹjẹrẹ ẹnu lè má dunni rárá níbẹ̀rẹ̀.