Yíyan Awò fún Wíwo Àbùùbùtán láti Etíkun

Láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá, àwọn àbùùbùtán abuké a máa wá bímọ nínú omi òkun Gínì, ẹni tó bá sì dúró sí etíkun Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lè rí wọn láìwọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ kọ́kọ́ fi ojú lásán wo òkun láti apá òsì dé apá ọ̀tún, torí pé èémí ẹran náà, tó máa ń ga tó mítà 3, tó sì dà bí èéfín funfun tó ń yára pòórá, ni ẹ ó kọ́kọ́ rí.

Lẹ́yìn èyí ni awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì wúlò. Èyí tí wọ́n kọ 7×50 sí lára ń mú nǹkan súnmọ́ni ní ìlọ́po 7, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 50. Mo fara mọ́ ọn ju 10×50 lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ etíkun kì í jẹ́ kí ọwọ́ dúró, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n díẹ̀ báyìí, gbogbo òkun á máa jó lójú ẹni tó ń lo 10×50.

Awò olójú kan tó ń mú nǹkan súnmọ́ni ní ìlọ́po 20 sí 60 lè fi àmì ara ìrù hàn yín, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jókòó lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kò sì yẹ fún wíwá ẹran kiri. Bí owó yín kò bá ju ti ẹyọ kan lọ, ẹ ra olójú méjì.

Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu iyọ̀ kúrò lójú awò, kó má baà ha á. Ẹ má sì kọjú rẹ̀ sí oòrùn láé.